Àyà tó ń lù kìkì: bí ẹ ṣe lè ṣàyẹ̀wò rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé iwájú dókítà àti oníṣègùn Ṣáínà

"Àyà mi ń já." Báyìí ni ọ̀pọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) ṣe máa ń wí nígbà tí ọkàn bá ń lù ju bó ṣe yẹ lọ. Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹni tó ń túmọ̀ á sọ fún un ní Faransé pé ẹ̀rù ń ba obìnrin náà. Ẹ̀rù ni dókítà gbọ́, òògùn ẹ̀rù ló máa kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi gba irú òògùn bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n tiẹ̀ so ECG, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé, mọ́ ọn láyà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, nítorí pé ìlù náà ti dákẹ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, ọ̀kadà tiwa. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni abala ìwé kan tí àbúrò mi ya nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan. Ó kọ aago tí ìlù bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó kọ iye tó kà lọ́rùn ọwọ́ màmá, ó sì kọ bí ìlù náà ṣe ń rìn. Dókítà mìíràn ka abala ìwé náà, ó ní kí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ màmá láyà fún wákàtí 24. Wọ́n rí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màmá ni mo lọ kọ́ bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà ṣe ń di ọrùn ọwọ́ mú, tí wọ́n ń wo ahọ́n, nítorí mo rí i pé àwọn náà ti ya àyà tí ẹ̀rù já sọ́tọ̀ kúrò lára àyà tó ń lù fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lè ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ka èyí kò ju pé kí ẹ gbé ẹ̀rí lọ síwájú ẹni tó máa tọ́jú yín, ìbáà jẹ́ dókítà, ìbáà jẹ́ oníṣègùn Ṣáínà alábẹ́rẹ́, tó ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní òògùn nínú sí ara. Àgbàlagbà ni mo kọ ọ́ fún. Ọkàn ọmọdé ń yára ju tiwa lọ, nọ́ńbà inú ìtọ́sọ́nà yìí kò bá wọn mu.

Ohun tí ẹ nílò

Aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí fóònù. Ìwé àti bíró, kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní gbogbo ìgbà, nítorí òru ni nǹkan yìí fẹ́ràn. Ẹnì kan nínú ilé tí ẹ ti kọ́ ní bí a ṣe ń kà á, bí ọwọ́ tiyín bá ń gbọ̀n. Dígí kékeré àti ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gbà wọlé, fún ahọ́n. Àpò ọ̀rá kan tí ẹ máa kó gbogbo òògùn tí ẹ ń lò sí: ti fámasí, ti orí ìgbá ní ọjà, àgbo inú ìgò, ewé, gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nílé, ó dára. Bí kò bá sí, ẹ má tìtorí rẹ̀ ná owó.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró ka ohunkóhun

Bí ìlù àyà bá bá ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí rìn, ẹ pa ìwé dé, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀:

- ẹni náà dákú, tàbí ojú rẹ̀ ṣú bíi pé ó fẹ́ dákú;
- àyà ń ro ó tàbí ó ń fún un pinpin, pàápàá bó bá ń ràn lọ sí apá tàbí àgbọ̀n;
- kò lè mí dáadáa;
- ẹnu rẹ̀ wọ́, apá kan kò ṣe é gbé, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́;
- ó jókòó jẹ́ẹ́, síbẹ̀ ìlù ju 120 lọ nínú ìṣẹ́jú kan, kò sì fẹ́ rọlẹ̀;
- àárín iṣẹ́ agbára ni ìlù ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tó ń gúnyán tàbí tó ń sáré.

Aláboyún tó ti súnmọ́ ìbí, tàbí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù 5, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nítorí èémí: ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ. Àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń mú àwọn ìyá lásìkò yẹn, àwọn ará ilé á sì máa sọ pé àárẹ̀ ìbímọ ni. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ní àìsàn, àti ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀ kú lójijì ní kékeré, láìṣe ìjàǹbá.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe: a ń gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákú sẹ́yìn zémìjàn. Bí òòyì bá tún kọ́ ọ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ló máa bá a. Ẹ wá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí ẹnì kan jókòó tì í.

Ìpele 1: Ẹ kọ́ ọwọ́ yín nígbà tí ara yá

Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àyà ń lù kó tó wá ìlù ọrùn ọwọ́, kò ní rí i. Àárọ̀ ni kí ẹ kọ́ ọ, kí ẹ tó dìde, kí ẹ tó mu kọfí.

Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ tọ ìdí àtàǹpàkò wálẹ̀ kọjá ìlà ọrùn ọwọ́, ẹ ó bá kòtò tóóró kan láàárín egungun àti iṣan líle. Ẹ fi orí ìka méjì lé e, ìka tí a fi ń júwe àti ìka àárín. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí ìlù á fi dé abẹ́ ìka. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, á parẹ́. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Láàárín 60 sí 100 ni ti àgbàlagbà tó sinmi. Ẹni tó ń fi ara ṣiṣẹ́ gidigidi lè wà ní 50 àti díẹ̀ láìsí àìsàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tiyín ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí tirẹ̀ máa ń jẹ́ 62, tó wá jókòó tó ka 98, nǹkan ti yí padà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 98 ṣì wà láàárín èyí tí ìwé fọwọ́ sí.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi àtàǹpàkò kà. Àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀, ẹ ó kàn máa ka ara yín nígbà tí ẹ rò pé aláìsàn lẹ ń kà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kà á ní àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá jìnnà síra wọn ju bíi 10 lọ, ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n.

Ìpele 2: Nígbà tí ó bá dé

Ẹ jókòó. Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ẹ má tíì ka ìlù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ di ọrùn ọwọ́ mú, kí ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko.

Àwọn kan á ka ìṣẹ́jú-àáyá 15, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìlù bá ń lọ déédéé, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ń fò, tó ń ṣe ségesège, ìlọ́po mẹ́rin irọ́ ni ẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan pẹ̀lú, ìlù tí kò ní ètò máa ń da á láàmú. Èyí tí wọ́n ń fi há orí ìka náà, kútẹ́ẹ̀sì àti làálì dúdú lè mú kó ṣi nọ́ńbà sọ.

Nọ́ńbà nìkan kò tó. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù: bí ìlù náà ṣe ń rìn. Àwa tí a dàgbà sí àárín onílù, etí wa mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ mú, kí ẹ máa fi ìka ọwọ́ kejì lu tábìlì bí ó ṣe ń dé abẹ́ ìka yín. Ìyá alákàrà kan wà ní ọjà Wàǹdó tí mo dì lọ́wọ́ mú lórí àga onígi rẹ̀, epo ṣì ń hó nínú agbada níwájú wa. Mo ní kó máa lu bó ṣe ń gbọ́ ọ láyà sórí àga. Ó lù ú: kì, kì, kì, ó dákẹ́, gbì! Kì, kì, kì, kì, ó tún dákẹ́, gbì! Ohun tí ìka mi ń gbọ́ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Oṣù méjì ló ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àyà òun ń já, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó lù ú kí wọ́n gbọ́.

Ìrìn mẹ́rin ló wọ́pọ̀:

Àkọ́kọ́ ni ti ìyá alákàrà: ìlù ń lọ déédéé, ọ̀kan á yára dé ṣáájú àsìkò rẹ̀, àlàfo á wà, èyí tó tẹ̀ lé e á wá gbá àyà gbì. Ìlù àlékún ni. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí ọkàn wọn kò ní àìsàn kankan, pàápàá nígbà àárẹ̀ àti àìsùn.

Èkejì ń yára díẹ̀díẹ̀, á sì tún rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ibà, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, omi tí kò tó lára, ẹ̀rù, kọfí.

Ẹ̀kẹta á bẹ̀rẹ̀ lójijì bí ẹni tan iná, á yára déédéé, ó lè ju 150 lọ, á sì dúró lójijì bí ẹni pa iná. Ojú ọ̀nà iná inú ọkàn ló ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ó gba pé kí ECG mú un.

Ẹ̀kẹrin kò ní ètò kankan: kì, kì-kì, kì, àlàfo gígùn, kì-kì-kì, kì. Ẹ ò lè mọ ìgbà tí èyí tó ń bọ̀ máa dé. Èyí ni ti ìyá mi. Àwọn àgbàlagbà ló ń mú jù, ewu rẹ̀ sì ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn, kó gbéra lọ sí ọpọlọ, kó di àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ má fi èyí sùn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dun ẹni náà rárá.

Nínú ẹ̀kẹrin yìí, kì í ṣe gbogbo ìlù ọkàn ló ń dé ọrùn ọwọ́. Kí ẹnì kan fi etí lé àyà òsì aláìsàn, kó máa kà, kí ẹlòmíràn máa ka ọrùn ọwọ́ lákòókò kan náà. Bí àyà bá jẹ́ 110 tí ọrùn ọwọ́ jẹ́ 88, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì.

Ìkìlọ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ ọrùn àgbàlagbà láti fi dá ìlù dúró. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é. Ọwọ́ dókítà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, lẹ́yìn tó bá ti wo iṣan ọrùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gba ohùn ìka tó ń lu tábìlì sínú fóònù fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́ ọ. Bó bá lè sọ fún yín bóyá ó lọ déédéé tàbí kò lọ déédéé, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa gbé lọ.

Ìpele 3: Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé ni, àbí ìlù?

Ìbéèrè yìí ni kò sí nínú "àyà mi ń já." Àwọn oníṣègùn Ṣáínà ní orúkọ méjì fún un lábẹ́ àìsàn tí wọ́n ń pè ní xinji. Jingji ni èyí tí nǹkan ìta fà: ariwo, ìròyìn burúkú, ìbínú. Ó ń wá, ó ń lọ. Zhengchong ni èyí tó dé láìsí ẹ̀rù, tí iṣẹ́ díẹ̀ ń mú le sí i, wọ́n sì gbà pé ó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jingji tó bá pẹ́ lára lè di zhengchong. Nígbà tí mo kọ́ èyí, màmá ló wá sí mi lọ́kàn, tó ń sọ fún mi ní òru pé, "Mi ò bẹ̀rù nǹkan kan o, àyà yìí kàn ń lù ni."

Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìwé yín. Èyí ni irú ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀:

"Ọjọ́rú, aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 10 òru. Mo ń sùn, ìlù ló jí mi. Kò sí àlá, kò sí ẹ̀rù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ 116, kò ní ètò. Òòyì díẹ̀, àyà kò ro mí. Ó dúró ní aago 3 kọjá díẹ̀. Ní alẹ́: ẹ̀bà, obì kan. Òògùn: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo gbàgbé ti àná."

Ìlà díẹ̀ ló jẹ́, ṣùgbọ́n dókítà tó bá kà á ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì dé iwájú ẹni tó ń túmọ̀, ẹ má sọ pé àyà ń já yín. Ẹ sọ pé ọkàn yín ń lù kìkì, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ Faransé náà fúnra yín: palpitations.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹlòmíràn bá ka ìwé yín láìbi yín ní ìbéèrè, ṣé ó lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, iye rẹ̀, àti ohun tó ṣáájú? Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ fi kún un nígbà tó bá tún dé.

Ìpele 4: Ẹ tú àpò òògùn àti agbada wò

Obì àbàtà àti gbànja ní kaféènì nínú bí kọfí. Ẹni tó jẹ obì ní àárọ̀ fún ìkíni, tó jẹ ẹ́ ní ọ̀sán níbi ìsìnkú, tó tún mu kọfí ní alẹ́, bí kò bá sí àmì ewu kankan, tí ìlù rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀kẹrin, kó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa kọ ìwé. Sódábì, ògógóró tiwa, wà lára ohun tó ń fà á pẹ̀lú: ọtí púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan lè dá ìlù ségesège sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Àwọn ohun mímu inú agolo tí àwọn awakọ̀ alẹ́ ń mu kí wọ́n má baà sùn, tramadol tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, òògùn ọ̀fìnkìn tó ń gbẹ imú, òògùn tí wọ́n ń fà sínú fún ikọ́ fée, gbogbo wọn lè mú ọkàn yára. Òògùn tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀ ń gbé pòtásíọ̀mù jáde lára, ọkàn kò sì fẹ́ràn kí pòtásíọ̀mù lọ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má tìtorí àyà dá òògùn tí dókítà kọ dúró fúnra yín. Kò sí ewu nínú kí ẹ fi obì sílẹ̀, ṣùgbọ́n òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe obì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun dípò kó pupa, ẹ̀jẹ̀ lè má tó. Ẹ béèrè nípa nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, ibà tó ń padà wá, àti fòníkú-fọ̀là-dìde nínú ìdílé. Ẹ wo iwájú ọ̀fun bóyá gẹ̀gẹ̀ wà. Ẹni tó ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, tí ooru ń mú nígbà tí ara àwọn yòókù tutù, tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹṣẹ́ ọ̀fun rẹ̀ (thyroid) ló yẹ kí a wò.

Ìpele 5: Lọ́dọ̀ dókítà

Àwa ará Àjàṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá CHUD Ouémé-Plateau nítòsí. Àwọn ará Kétu máa ń lọ sí ilé ìwòsàn ẹkùn ní Ìpóbẹ̀, àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ sì ní tiwọn nínú ìlú. Ẹ fóònù kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ECG ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ìlù bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ lọ síbi tó súnmọ́ jù tó ní ẹ̀rọ, ẹ má wá èyí tó lókìkí jù. ECG tí wọ́n yà nígbà tí ìlù ń lọ, kódà bó ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré, ó dára ju èyí tí wọ́n yà ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá Kútọnù, lẹ́yìn tó ti dákẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ retí kò pọ̀: ECG, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó (ó yẹ kí obìnrin tí kò lóyún ní 12 g/dL ó kéré tán, kí ọkùnrin ní 13), pòtásíọ̀mù, tó yẹ kó wà láàárín 3.5 sí 5 mmol/L, ẹṣẹ́ ọ̀fun, ṣúgà. Bí ìlù náà bá ń wá lójoojúmọ́, ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ àyà fún wákàtí 24 tàbí 48 lè mú un. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀rọ ọjọ́ kan kò ní rí nǹkan, owó ni ẹ máa fi ṣòfò. Ẹ sọ fún dókítà iye ìgbà tó ń wá kó lè yan èyí tó yẹ. Bó bá gbọ́ ohun tí kò yé e láyà, tàbí ẹsẹ̀ wú, á ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ aláwòrán wo bí ọkàn ṣe ń fún.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe: "ECG dára, mi ò ní nǹkan kan." ECG ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n fi yà á. Kò sọ nǹkan kan nípa aago 2 òru.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó jáde, ẹ béèrè pé, "Dókítà, kí ni orúkọ ìlù yìí, ṣé ẹ ti rí i lórí ìwé, àbí ẹ ṣì ń wá a?" Bó bá ṣì ń wá a, ẹ béèrè ohun tó kàn.

Ìpele 6: Lọ́dọ̀ oníṣègùn Ṣáínà

Àwọn dókítà láti Ṣáínà ti ń wá ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin láti ọdún 1978, nítorí náà abẹ́rẹ́ wọn kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Lẹ́yìn ìpele 5 ni kí ẹ lọ. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ ṣáájú ECG ti gbé ẹsẹ̀ kejì ṣáájú ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò: wíwò, gbígbọ́ àti gbígbóòórùn, bíbéèrè, àti fífọwọ́kàn. Ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú gbogbo rẹ̀ bí ẹ bá múra sílẹ̀.

Ahọ́n. Àárọ̀ ni kí wọ́n wò ó, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ tó jẹun. Obì ń pa ahọ́n láró, epo pupa náà ń pa á láró. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ lọ́jọ́ náà, ohun tó bo orí ahọ́n jẹ́ apá kan nínú ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ má yọ ọ́ síta pẹ́, á yí àwọ̀ padà. Ohun kan wà tí oníṣègùn tí kò tíì tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú lè ṣì mú: ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní àmì dúdú wínníwínní lórí ahọ́n láìsí àìsàn. Nínú ìwé wọn, ahọ́n tó ní àmì àwọ̀ àlùkò tàbí dúdú túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ń dúró sójú kan. Ẹ sọ fún un pé ó ti wà níbẹ̀ láti kékeré, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọrùn ọwọ́. Ìka mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ń lo méjì. Ibi tó súnmọ́ àtẹ́lẹwọ́ jù ni cun, àárín ni guan, ẹ̀yìn ni chi. Lọ́wọ́ òsì, cun ni wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn. Wọn kì í fi aago kà á ní ti àtijọ́. Èémí ara wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí oníṣègùn bá mí sínú tó mí síta lẹ́ẹ̀kan, ìlù 4 tàbí 5 ló yẹ kó dé abẹ́ ìka rẹ̀. Bó bá di 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yára. 3 tàbí kó dín, ó falẹ̀. Wọ́n sì ní orúkọ fún èyí tó ń fò. Cu ń yára, ó ń dúró láìní ètò. Jie ń falẹ̀, ó ń dúró láìní ètò. Dai ń dúró lẹ́yìn iye kan náà ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé ó ń kà á. Ẹ fi gbígba ohùn inú fóònù ìpele 2 hàn án, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọrùn ọwọ́ yín ti dákẹ́ níwájú rẹ̀ bó ṣe dákẹ́ níwájú ECG.

Láti inú ìdáhùn yín ló ti máa mọ irú xinji tó jẹ́. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni pé kí wọ́n mú èsì ìpele 5 wá, nítorí àmì kan náà lè ní ìdí tí abẹ́rẹ́ kò lè tọ́jú. Ojú tó funfun, òòyì, oorun tí kò wá, ahọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, ìlù ọrùn ọwọ́ tó tín-ín-rín: wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ọkàn kò tó, wọ́n á sì fún yín ní òògùn bíi Gui Pi Tang. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ 7, ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ló yára jù. Ooru inú àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, òógùn òru, ahọ́n pupa tí kò ní nǹkan lórí, ìlù tín-ín-rín tó ń yára: wọ́n á ní yin, ohun tó ń tu ara nínú ìmọ̀ wọn, kò tó. Ẹ wo èsì ẹṣẹ́ ọ̀fun kí ẹ tó gbà. Bí ẹsẹ̀ bá wú tí èémí sì ń há, tàbí àyà ń gún bí ọ̀bẹ tí ètè sì ṣú, oníṣègùn Ṣáínà tó mọṣẹ́ fúnra rẹ̀ á dá yín padà sí ilé ìwòsàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó wo ahọ́n, ó di ọwọ́ méjèèjì mú, ó béèrè nípa oorun, ìgbẹ́, òógùn àti òògùn tí ẹ ń lò? Ẹni tó kàn gbé ìgò jáde láìṣe ìwọ̀nyí, ọjà ló ń tà.

Ìpele 7: Kí òògùn méjì má baà jà nínú ara kan

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí fún màmá ní òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, aládùúgbò kan tó ń ta òògùn Ṣáínà láti ilé dé ilé gbé ìgò kan fún un "fún ọkàn." Lára ìgò náà ni mo ti ka danshen, egbòogi Ṣáínà kan. Danshen máa ń mú kí òògùn bíi warfarin lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ lè wá máa ya láìdáwọ́ dúró. Kò tíì mu ju ọjọ́ méjì lọ. Ìdí eyín rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń rin pákò.

Ẹ wá orúkọ wọ̀nyí lára ìgò kí ẹ tó gbé e mì: mahuang, ó ń lé ọkàn sáré. Fuzi, tí wọn kò bá sè é dáadáa ó ní májèlé tó ń da ìlù ọkàn rú, ó sì lè pa ènìyàn. Gancao, tó wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn wọn nítorí adùn rẹ̀. Bí a bá lò ó púpọ̀ tó pẹ́, ó ń mú pòtásíọ̀mù lọ sílẹ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì léwu fún ẹni tó ń lo digoxin (òògùn ọkàn kan) tàbí òògùn tó ń mú ni tọ̀. Zhusha ni ohun pupa tí wọ́n fi ń bo àwọn òògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ àtijọ́ kan, makúrì ni. Ìgò tí kò bá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, ẹ má gbà á, ẹni yòówù kó gbé e wá.

Èyí tí ẹ lè ṣe nílé láìsí ewu ni títẹ ojú Neiguan. Ẹ to ìka mẹ́ta àárín sórí apá láti ìlà ọrùn ọwọ́ lọ sókè; níbi tí ìka kẹta parí sí, láàárín iṣan líle méjì, ibẹ̀ ni. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ máa mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ ṣe ti ọwọ́ kejì. Fún ìlù àkọ́kọ́ àti èkejì ló wúlò, nígbà tí ẹ̀rù ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Kò rọ́pò ohunkóhun nínú àwọn àmì ewu òkè yẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ orúkọ gbogbo òògùn inú àpò ọ̀rá sí abala kan ṣoṣo, ti dókítà àti ti oníṣègùn. Ẹ fi han àwọn méjèèjì. Ẹ gba ẹ̀dà ECG yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò kò lè dé, nítorí dókítà tó ń bọ̀ á fẹ́ fi tuntun wé ti àtijọ́. Ti màmá wà nínú ọ̀rá tí a so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, pẹ̀lú abala ìwé tí àbúrò mi kọ ní òru ọjọ́ yẹn.